Ọkọ̀ Tí Àwáwù Kò Fẹ́ Wọ̀

Inú eruku ọyẹ́ ni Ràsáàkì ti kọ́kọ́ rí i. Ó ń ti Ìsẹ́yìn bọ̀ pẹ̀lú Píjò akẹ́rù rẹ̀, àpò èlùbọ́ kún ẹ̀yìn ọkọ̀ bámúbámú. Ó ti kọjá Àgọ́-Àrẹ, ojú ọ̀nà pupa yòò níwájú, kò sì rí ẹ̀dá kankan àfi ẹnì kan tó bẹ̀rẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ìgbà tó sún mọ́ ọn ló rí i pé obìnrin ni. Kẹ̀kẹ́ náà jẹ́ Ràlé ńlá, irú èyí tí àwọn ọkùnrin fi ń lọ sóko, wọ́n sì fi okùn rọ́bà de ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣéènì ti yọ. Ọwọ́ obìnrin náà dúdú fún gírísì, ó ti fi ọwọ́ ọ̀hún nu imú, imú náà ti dúdú, òun kò sì mọ̀.

Ràsáàkì tẹ bíréèkì, ó yọ orí lójú fèrèsé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá oníkẹ̀kẹ́. Kí ló dé tí ẹ ń bá irin jà lọ́sàn-án gangan?"

"Èmi kọ́ ni mò ń bá a jà. Òun ló ń bá mi jà."

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹ wá jókòó níwájú. Ṣakí náà ni mò ń lọ. Mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín."

Obìnrin náà wo Píjò náà láti táyà dé òrùlé. Ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀ sì pòórá.

"Ẹ ṣeun. Mi ò ní wọ̀ ọ́."

"Nítorí kí ni? Ṣé ojú mi jọ ti gbọ́mọgbọ́mọ ni?"

"Ojú yín dára. Ọkọ̀ yín ni mi ò fẹ́."

Awakọ̀ míì ì bá bínú, kó tẹná, kó fi eruku bò ó mọ́lẹ̀. Ràsáàkì pa ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tó wọ̀, ó sì dá ṣéènì padà sí àyè rẹ̀. Ó béèrè orúkọ rẹ̀. Obìnrin náà ní Àwáwù ni, aránṣọ ni òun ní Ṣakí, òun lọ gba iṣẹ́ aṣọ ọmọ ilé-ìwé ní Àgọ́-Àrẹ ni. Ó wá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń lọ, Ràsáàkì sì ń wakọ̀ tẹ̀lé e lẹ́yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí wọ́n fi wọ ìlú. Bí èlùbọ́ bá lẹ́nu ni, ì bá ti pariwo pé kí ló dé tí a ò tíì dé.

Láti ọjọ́ náà ni ẹrù Ṣakí ti pọ̀ sí i lọ́wọ́ Ràsáàkì. Bí kò bá sí ẹrù, á wá a. Bó bá dé, ìsọ̀ Àwáwù ló kọ́kọ́ ń yà sí, á ní àpò ṣòkòtò òun ló tú, á ní ọrùn ẹ̀wù òun ló ya. Nígbà tí kò sí èyí tó ya mọ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú òmíràn.

"Bọ̀dá Ràsáàkì," Àwáwù ní lọ́jọ́ kan, ó gbé ṣòkòtò náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, "òwú yìí kò já fúnra ẹ̀ o. Abẹ ló gé e."

"Eku ni."

"Eku ilé yín mọ abẹ ẹ́ lò dáadáa."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọjọ́ náà ni Ràsáàkì béèrè oríkì Àwáwù, ó sì sọ ọ́: Àṣàkẹ́. Láti ìgbà náà, bó bá pè é ní Àwáwù níwájú èèyàn, Àṣàkẹ́ ló máa ń pè é bí wọ́n bá ku àwọn méjì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ọmọkùnrin yìí. Ó ń jowú. Owú rẹ̀ kì í ṣe kékeré rárá. Ó jowú ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ Àwáwù ṣe. Ó jowú àwọn oníbàárà tó ń wá wọn aṣọ, pàápàá bí Àwáwù bá ta téèpù yí ìbàdí ọkùnrin ká. Ó bi í pé ṣé àwọn ọkùnrin Ṣakí kò lè wọn ìbàdí ara wọn ni. Àwáwù ní bí wọ́n bá lè wọ̀n ọ́n, ebi á pa òun.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ju gbogbo ìyẹn lọ. Àwáwù kò fẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀ rẹ̀ rí. Yálà ọyẹ́ ń mú ni o, yálà òòrùn ń ta ni o, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Ẹ máa lọ, màá fi kẹ̀kẹ́ bá yín." Ràsáàkì kì í béèrè ìdí. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nínú ara rẹ̀ ó ń rò ó pé bóyá iṣẹ́ awakọ̀ ni kò wu ọmọ yìí, bóyá ó ń retí ẹni tó sàn ju òun lọ.

Síbẹ̀, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Àwáwù fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó tẹ orí ba lórí aṣọ tó ń rán, ó ní, "Bí ẹ bá fẹ́ rán àwọn èèyàn yín sílé wa, ẹ rán wọn." Ràsáàkì wa ọkọ̀ padà sí Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ náà, orin lẹ́nu, gbogbo ọ̀nà.

Ìwádìí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ìyá Ràsáàkì, Àbíkẹ́, rán Ìyápọ̀ àbúrò rẹ̀ lọ sí Ṣakí bí ẹni tó ń lọ ra iṣu, pé kó fẹ̀sọ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò: ṣé adẹ́tẹ̀ wà nílé wọn, ṣé wárápá wà, ṣé olè wà, ṣé wèrè wà? Ìyápọ̀ mọ iṣẹ́ yìí. Ó ra iṣu, ó sì ra ọ̀rọ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tó dé, kò tilẹ̀ jókòó tán.

"Ilé wọn mọ́," ó ní. "Bàbá ẹ̀ kì í pa ìrun jẹ. Ìyá ẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà fúnra ẹ̀..." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń lọ sọ́dọ̀ dókítà wèrè nílé ìwòsàn. Ẹni mẹ́ta ló sọ ọ́ fún mi láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́ ti ara wọn."

Àbíkẹ́ gbé ọwọ́ lérí. "Yéè! Ràsáàkì, ṣé o mọ̀?"

"Irọ́ ni, Ìyá. Ọmọ tó ń ránṣọ fún odindi ilé-ìwé, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí àlébù nínú ẹ̀?"

"Bó bá jẹ́ irọ́, kó jẹ́ irọ́. Bó bá jẹ́ òótọ́, mi ò ní gbà. Mi ò ní bí ọmọ kan ṣoṣo kí n fi fẹ́ wèrè."

Ràsáàkì ní òun yóò fi ojú ara òun rí i. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, ó wakọ̀ lọ sí Ṣakí, ó sì dúró lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá kan tó ń ta obì, Òkè lorúkọ rẹ̀. Ó ra obì tí kò fẹ́ jẹ. Ó béèrè nípa dókítà wèrè.

"Èwo nínú wọn?" Òkè ní. "Méjì ni wọ́n. Màmá wà, Dókítà Adéwùmí. Òun ló ń gún abẹ́rẹ́ fún àwọn tí orí wọn dàrú, tó ń kọ oògùn fún wọn, tí ara wọn á wá balẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì wà, Gbádébọ̀, ará Ìbàdàn. Ìyẹn kì í fún èèyàn ní nǹkan kan. Ó kàn máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ ni."

"Ọ̀rọ̀ kí ni?"

"Ṣé mo wà níbẹ̀ ni? Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀."

Ràsáàkì fi obì sápò. "Aránṣọ kan ń wá síbí. Oníkẹ̀kẹ́."

"Àwáwù? Ti Gbádébọ̀ nìyẹn. Kì í dé ọ̀dọ̀ Màmá rárá."

Ẹ wo irú ìyọnu tó dé bá a. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ Màmá ni Àwáwù ń lọ, ìyá rẹ̀ kò ní gbà. Bó bá sì jẹ́ ọ̀dọ̀ Gbádébọ̀ ni, ìyá rẹ̀ á gbà, ṣùgbọ́n òun Ràsáàkì ńkọ́? Irú dókítà wo ni kì í fúnni lóògùn, tí kì í gúnni lábẹ́rẹ́, tó kàn ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọlọ́mọ tí ó ń bá a sọ̀rọ̀? Olólùfẹ́ nìkan ni Ràsáàkì mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òun náà ṣe é rí. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó sì ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ pé kó jẹ́ abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún fún un.

Ó rìn yí ẹ̀yìn ilé náà ká. Lábẹ́ igi mọ́ńgòrò, ọkọ̀ ìjàpá funfun kan wà níbẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì ní títì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tín-ínrín kan jókòó níbi ìwakọ̀. Àwáwù ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà ní dídì, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń sọ nǹkan fún un jẹ́jẹ́. Àwáwù lajú, ó mí kanlẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ràsáàkì kò mọ bó ṣe dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Àwáwù, tí kò fẹsẹ̀ kan Píjò òun rí! Òun tí òun tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn nínú eruku! Inú ọkọ̀ ọkùnrin míì ló ti ń rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló wọ ìsọ̀ rẹ̀ láìkí i.

"Mo rí ọ," ó ní. "Mo rí ọ nínú ọkọ̀ rẹ̀, tí ò ń rẹ́rìn-ín."

Àwáwù dá ẹ̀rọ dúró. Ojú rẹ̀ yí padà. "Bọ̀dá Ràsáàkì, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Láti ìgbà ọyẹ́ ni mo ti ń bẹ̀ ọ́. Ṣé torí mi ò kàwé ni? Ṣé torí èlùbọ́ ni ọkọ̀ tèmi ń rùn? Tirẹ̀ ń rùn lọ́fínńdà, àbí?"

Omi dà pọ̀ lójú Àwáwù, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó jábọ́. Ọmọ náà ní ìgbéraga tirẹ̀.

"Ẹ kò béèrè lọ́wọ́ mi rí," ó ní. "Gbogbo ìgbà tí mo kọ̀, ẹ kò béèrè ìdí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lónìí náà, ẹ kò béèrè. Ẹ ti dájọ́ kí ẹ tó wọlé." Ó na ọwọ́ sórí pẹpẹ, ó mú ṣòkòtò kan, ó ká a dáadáa, ó nà án sí i. "Ṣòkòtò yín rèé. Mo ti rán an. Ẹ má tún fi abẹ gé e mọ́."

Ràsáàkì gba ṣòkòtò, ó jáde.

Ó délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé kì í ṣe dókítà wèrè ni Àwáwù ń lọ bá, ẹni tó kàn ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ ni. Àbíkẹ́ dìde, ó ṣe hàmùdù fún Ọlọ́run. "Ìyẹn ni pé kò ya wèrè! Ìyápọ̀, wá gbọ́! Ràsáàkì, ìgbà wo la fẹ́ lọ?"

"Mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

Ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Ó dà bíi pé ìwọ ló yẹ ká gbé lọ síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lobìnrin náà sọ, ṣùgbọ́n bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ràsáàkì kò lè jẹun. Bó bá dùbúlẹ̀, ọkọ̀ ìjàpá funfun ló ń rí. Wọ́n gbé ẹrù fún un lọ sí Komu, ó sì wakọ̀ kọjá Komu láìmọ̀, ó bá ara rẹ̀ ní Ṣakí pẹ̀lú ẹrù ẹlẹ́rù. Níbẹ̀ ló ti pinnu pé òun yóò díbọ́n pé òun ń ṣàìsàn, òun yóò fi ìyẹn dé iwájú Gbádébọ̀, ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀ kó ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Màmá ni wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ. Dókítà Adéwùmí jẹ́ obìnrin àgbà, ewú ti wà lórí rẹ̀, awò ojú sì ń yọ́ wálẹ̀ lórí imú rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe ọ́, ọmọ mi?"

"Orí mi ló dàrú, mà."

"Ṣé o máa ń gbọ́ ohùn ẹni tí kò sí níbẹ̀?"

"Mo máa ń gbọ́ ọ, mà." Ràsáàkì rò pé ìyẹn ló yẹ kí òun sọ.

"Kí ni ohùn náà máa ń sọ?"

Kò múra èyí sílẹ̀. "Ó ní... ó ní kí n lọ rí Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀."

Dókítà Adéwùmí bọ́ awò ojú. "Ohùn náà fi 'Ọ̀gbẹ́ni' kún un? Ohùn tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn." Ó fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, ó gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ó béèrè nípa oorun àti oúnjẹ, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò sí oògùn tí màá kọ fún ọ."

"Ẹ̀yin kọ́ ni dókítà ni?"

"Èmi gan-an ni dókítà. Mo kọ́ ìwòsàn gbogbo ara kí n tó wá dojú kọ ọpọlọ. Àìsàn wà tí ọ̀rọ̀ nìkan kò lè gbé lọ, àwọn bẹ́ẹ̀ ni mò ń fún ní oògùn. Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ kò kọ́ ìṣègùn. Ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ló kọ́ ní yunifásítì. Kì í kọ oògùn, kò sì láṣẹ láti kọ ọ́. Ẹ̀rù, ìbànújẹ́, ohun tó há sí èèyàn láyà, ìyẹn ni iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà míì èmi àti òun la jọ máa ń tọ́jú ẹnì kan. Àwọn ará ìlú pa àwa méjèèjì pọ̀, wọ́n ń pè wá ní dókítà wèrè, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá síbí kì í sì í ṣe wèrè. Tìrẹ kò kàn mí. Yàrá kejì ni kí o lọ."

Ràsáàkì ti ń di ẹ̀ṣẹ́ kó tó kan ilẹ̀kùn. Gbádébọ̀ dìde fún un, ó fún un ní àga tó dára nínú méjèèjì, òun jókòó sórí èyí tó ń mì.

"Mò ń gbọ́ yín," ó ní. Ó sì dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ló mú Ràsáàkì. Ká ní ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ ni, ì bá ti bá a jà. Ó jókòó, ó wo ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti kẹ̀kẹ́, ó sọ ti ṣòkòtò, ó sọ ti igi mọ́ńgòrò. Ó ní òun wá láti gbá a létí. Gbádébọ̀ ní, "Mo rí i. Kí ló ń bà yín lẹ́rù?" Ràsáàkì ní kò sí ohun tó ń ba òun lẹ́rù. Ìgbà tó yá ló wá ń sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: pé nígbà tí ejò bu bàbá òun ṣán nínú oko iṣu, òun wà lójú ọ̀nà Ìlọrin pẹ̀lú ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́, wọ́n sì ti sin ín lọ́jọ́ náà gan-an bí ẹ̀sìn ṣe wí, ilẹ̀ nìkan ni òun bá. Láti ìgbà náà, bí òun bá ti fi ohun tí òun fẹ́ràn sílẹ̀ tí òun gun ojú ọ̀nà, ọkàn òun máa ń sọ pé kí òun tó padà, yóò ti lọ.

Ó nu ojú, ìtìjú mú un. Ó wá ṣe bí ọkùnrin. "Kí lẹ ń bá Àwáwù ṣe nínú ọkọ̀?"

"Mi ò lè sọ fún yín."

"Ẹ rí i!"

"Ohun tí ẹ sọ fún mi nípa bàbá yín yìí," Gbádébọ̀ ní, "bí Àwáwù bá wá béèrè lọ́wọ́ mi, ṣé ẹ fẹ́ kí n sọ ọ́?"

Ràsáàkì mi orí.

"Mi ò ní sọ ọ́. Tirẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ béèrè, kí ẹ sì dákẹ́ kó dáhùn."

Ràsáàkì lọ dúró síta ìsọ̀, ó kí Àwáwù, ó sì dúró títí Àwáwù fi ní kó wọlé. Kò jókòó sórí àga. Ilẹ̀ ló jókòó sí, láàárín àwọn ègé aṣọ.

"Mo wá béèrè," ó ní. "Kí ló dé tí o kì í wọ ọkọ̀?"

Ó wá dákẹ́. Kò sí iṣẹ́ tó le tó o fún un rí.

Àwáwù gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. 

"Fàtímọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Àwa méjèèjì jọ wọ lọ́rì lọ sí ìsọmọlórúkọ. Afárá kan wà ṣáájú Komu, lọ́rì ré bọ́ sódò níbẹ̀. Ọwọ́ mi wà nínú ọwọ́ ẹ̀. Wọ́n yọ mí, wọn ò tètè yọ òun." "Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbọ́ tí wọ́n pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé, èémí mi á há. Mo wá ra kẹ̀kẹ́. Mo ní ó tán, kẹ̀kẹ́ ló kù fún mi láyé. Kò sì dùn mí. Ìgbà tí ẹ dé pẹ̀lú Píjò yín ló tó wá ń dùn mí."

Ràsáàkì sún mọ́ ọn, ó jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ẹ ní kí n wá gbé Ìsẹ́yìn. Báwo ni mo ṣe máa dé ibẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ṣé lórí kẹ̀kẹ́? Kí n sì máa jẹ́ ìyàwó awakọ̀ tí ń sá fún ọkọ̀? Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ torí ẹ̀. A kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi títí mo fi lè sọ ọ́ láìdákú. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, kí n jókòó síbẹ̀, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ọjọ́ tí ẹ rí mi ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a ti ilẹ̀kùn." Omi tó ti ń pa mọ́ látọjọ́ yìí wá jábọ́. "Ẹ̀rín tí ẹ rí yẹn, mò ń rẹ́rìn-ín pé mo ṣì ń mí ni. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà."

Ràsáàkì dojú bolẹ̀ láàárín àwọn ègé aṣọ náà, ó sunkún bí ọmọdé. Nítorí tirẹ̀ ni. Gbogbo ohun tó jowú sí, nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe é.

"Dárí jì mí, Àṣàkẹ́."

"Ẹ dìde. Òwú ti lẹ̀ mọ́ yín nírùngbọ̀n."

Ràsáàkì fúnra rẹ̀ sọ ti bàbá rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ló mú kọ́kọ́rọ́ Píjò jáde nínú àpò, ó fi í lé e lọ́wọ́. Ó ní kó máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbàkígbà tí òun bá wà ní Ṣakí, kí ọkọ̀ náà máa wà níwájú ìsọ̀, kí ó wọ̀ ọ́ nígbà tó bá wù ú, kí ó sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó bá wù ú, ẹnikẹ́ni kò ní tẹná sí i láìjẹ́ pé Àwáwù ló ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Gbádébọ̀ ló ń sọ èyí tó kàn, Ràsáàkì ló ń jókòó tì í. Kí òjò tó dáwọ́ dúró, wọ́n ti wakọ̀ dé Àgọ́-Àrẹ, wọ́n ti bọ̀.

Àbíkẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, mi ò fẹsẹ̀ kan oko iṣu yẹn mọ́. Ọ̀nà ẹ̀ gan-an, mi ò gbà á. Ṣé wèrè ni mí?" Ó yíjú sí Ìyápọ̀. "Lọ sọ fún wọn ní Ṣakí pé à ń bọ̀."

Wọ́n so yìgì ní Ṣakí nígbà tí ọyẹ́ tún dé. Gbádébọ̀ wá, Ràsáàkì sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ààrin àwọn àlùfáà ló mú un jókòó sí, níbi tó jìnnà sí àwọn obìnrin jù lọ. Àwáwù rí i, ó sì fi ìborùn bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó gun ẹ̀yìn Píjò, wọ́n ń kọrin. Ràlé wà láàárín wọn, wọ́n dè é mọ́ irin pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ. Àwáwù jókòó níwájú, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan, ó ń mí bó ṣe kọ́ ọ. Wọ́n kọjá Àgọ́-Àrẹ. Nígbà tí wọ́n rí afárá lọ́ọ̀ọ́kán, ó fi ọwọ́ kan Ràsáàkì lápá.

"Ẹ dúró."

Ó dúró. Orin dákẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀. Ràsáàkì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, Àwáwù ní, "Ẹ jẹ́ kí n dá lọ." Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìyàwó lára, ó sì ń rìn lọ sórí afárá náà.

Ràsáàkì di ìdarí ọkọ̀ mú. Ó rí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń jìnnà sí òun, ọkàn rẹ̀ sì ń sọ ohun tó máa ń sọ. Ó jowú odò. Ó jowú ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò, tí Àwáwù ń bá sọ̀rọ̀ níbi tó dúró sí láàárín afárá, tí òun kò lè gbọ́. Ṣùgbọ́n kò pè é. Kò fọn fèrè ọkọ̀. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí bó ṣe fi í sílẹ̀, ó sì jókòó, ó ń dúró dè é.

Nígbà tó ṣe, Àwáwù yí padà, ó ń bọ̀. Ojú rẹ̀ tutù fún omijé. Ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì fa ilẹ̀kùn dé, gbàà.

"Ó yá, olówó orí mi," ó ní. "Ẹ máa wa ọkọ̀ wa lọ."